O Fi Kún Un, Ó Wá Kéré Sí I?

Nǹkan méje ni mo kọ sínú ìwé mi níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí pé n ó ṣe. Méjì péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ṣe: mo tún eyín mi ṣe (ó ti ń dùn mí kọjá ohun tí mo lè sá fún), mo sì rí iṣẹ́ kejì tí mo ń wá. N ó padà sórí iṣẹ́ kejì yẹn. Ohun tó gba ìparí ọdún mọ́ mi lọ́wọ́ kò tilẹ̀ sí nínú méjèèje. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún Tíṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò, tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 34.

Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo jókòó, mo pè wọ́n ní òpómúléró, mo pè wọ́n ní àbẹ́là tó ń jó kí ẹlòmíràn lè ríran, mo fi aláàánú kún un, mo fi onísùúrù tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé bí ẹ bá yọ orúkọ wọn, tí ẹ fi ti awakọ̀ tó ń fẹ̀yìn tì síbẹ̀, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Ká sì sọ òótọ́, Tíṣà kì í ṣe onísùúrù. Ẹ bi àwọn tó máa ń pẹ́ dé nínú wa.

Mo fà á ya.

Ohun tí mo rántí, bí mo bá gbé gbogbo ìyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń ṣe ìdá. Wọ́n ní ká ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3. Èmi ro ti òkè mọ́ ti òkè, mo ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó di 2/5, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti jagun ṣẹ́gun. Àṣé Tíṣà ti wà lẹ́yìn mi. Báírò pupa wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fi kan ìwé mi.

"Èwo ló pọ̀ jù, ìdajì ni àbí ìdá méjì nínú márùn-ún?"

Mo rò ó títí. "Ìdajì ni, mà."

"Ó dáa. Ìdajì lo kọ́kọ́ ní lọ́wọ́. O fi kún un, ó wá kéré sí i?"

Wọ́n bá tiwọn lọ, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Inú bí mi sí wọn gan-an. Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ ọ́? Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àfi kí n gé méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà: ìdajì di 3/6, ìkejì di 2/6, ni 5/6 bá jókòó síwájú mi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè tàn mí lórí ọ̀rọ̀ ìdá.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà kan, a ń yọ 367 kúrò nínú 1000, òdo ń yá lọ́wọ́ òdo, kò sí èyí tó ní nínú wọn. Wọ́n ní ká mú 1 kúrò lára méjèèjì, kó di 999 àti 366. Ẹni méjì tó jọ sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣé àlàfo àárín wọn yí padà? Ó di 633 láìyá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 5 Oṣù Kẹwàá, tí í ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó kọ, ni mo bá lọ ka ìwé àbá lórí ipò àwọn olùkọ́, tí wọ́n fi ọjọ́ náà rántí. Ọdún 1966 ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fọwọ́ sí i, àyájọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ó wà níbẹ̀ pé kí iye ọmọ inú kíláàsì jẹ́ èyí tí olùkọ́ á fi lè ráyè gbọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín. Ogójì ni wá. Síbẹ̀ ẹnì kan ráyè dúró lẹ́yìn mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè Tíṣà bá mi nílé: "O fi kún un, ó wá kéré sí i?" Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń fi òru ṣe iṣẹ́ kejì. Oorun kò tó mi mọ́, àṣìṣe wọnú iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo ń fi òpin ọ̀sẹ̀ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Ọmọ mi tó máa ń gbé iṣẹ́ ilé ìwé wá bá mi ti dákẹ́, mi ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró. Mo ní, mo fi kún un. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nínú méje, ó ku eyín.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí mo padà kọ kò ju ojú ìwé kan lọ: ìtàn 2/5 ni, àti ìlà kan tí mo fi kádìí rẹ̀, pé ọmọ ogójì lọ́dọọdún fún ọdún 34, ó jẹ́ 1,360 ọmọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, ìka wọn sì dúró lórí iye náà.

"Àwọn tí mo kọ́ fún ọdún méjì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lo kà wọ́n?"

Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì mi. N kò tíì dá wọn lóhùn.