Ìyá tó ka Lúùkù 24 láàárọ̀ yìí

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìsìn àárọ̀ ni mo ti ń bọ̀ ní Kàbbà, ọ̀rọ̀ kan ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ìyá àgbà kan ni wọ́n ní kó ka Bíbélì, Lúùkù 24. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ìka tí iṣẹ́ oko ti sọ di líle. Nígbà tó dé ẹsẹ 11, níbi tí àwọn àpọ́sítélì ti ka ọ̀rọ̀ Màríà Magidalénì, Jòánà àtàwọn obìnrin yòókù sí ìsọkúsọ, ó dúró. Ìka rẹ̀ ò kúrò lórí ìlà náà. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó wá ní, "Wọn ò gbà wọ́n gbọ́." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, bí ẹni pé ìṣojú rẹ̀ ni.

Omi bọ́ lójú mi. Àwọn ló gbé tùràrí lọ síbi ibojì ní kùtù hàì, àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Jésù ti jíǹde! Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn tó rí Olúwa nínú 1 Kọ́ríńtì 15, ó dárúkọ Kéfà àti Jákọ́bù, ó mẹ́nu ba àwọn ará tó lé ní 500, kò dárúkọ obìnrin kankan. Ó dùn mí. Ìyá tèmi ló kọ́ mi ní àdúrà kí n tó mọ̀wé kà. Ta ló ti ní kó dìde jẹ́rìí rí?

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kúnlẹ̀ kí ìyá yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ńkọ́? Obìnrin wo ló kọ́kọ́ jẹ́rìí Jésù fún yín?