Ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó wo owó: ohun tí páàsì ọlọ́dún kan kọ́ mi ní Orlando

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Florida níbí, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ kó wá, tẹ́ ẹ sì lọ́mọ nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tá a ti ń ra páàsì ọlọ́dún kan sáwọn páàkì ìṣeré tó wà lágbègbè Orlando, èmi, bàbá àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ wa méjì, mo sì ti fi owó kọ́gbọ́n nídìí ẹ̀ débi pé tẹ́nì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ti ní òun fẹ́ ra tòun, ṣe ni mo máa ń ní kó jókòó ká sọ̀rọ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá méjìlá. Lọ́dún àkọ́kọ́ tá a dé, kò sí Mọ́ńdè táwọn ọmọ máa ti iléèwé dé tí wọn ò ní sọ fún mi pé ọmọ kíláàsì àwọn kan tún lọ sí páàkì lópin ọ̀sẹ̀. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá sọ ọ́ dọ̀nà mẹ́rin, ká tó sọ ti oúnjẹ àti owó ibi tá a máa gbọ́kọ̀ sí. Ìgbà tí mo wá rí páàsì tó kéré jù ní páàkì kan, tó jẹ́ tàwa ará Florida nìkan, tí wọ́n ní ká san díẹ̀ sílẹ̀ ká máa san ìyókù loṣooṣù, mo ṣírò ẹ̀ sórí ìwé, tá a bá ti lè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin péré, owó ti padà. Mo rà á lóru ọjọ́ yẹn gan-an lórí fóònù, níbi iṣẹ́, lásìkò tá a fi ń jẹun. Owó nìkan ni mo wò. Kàlẹ́ńdà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ eérú kun àwọn ọjọ́ kan nínú ẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́ wò.

Inú àwọ̀ eérú yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní blockout nìyẹn, ọjọ́ tí wọn ò ní jẹ́ kí páàsì yín wọlé. Èyí tí mo rà, Sátidé àti Sọ́ńdè ò sí níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving ò sí níbẹ̀, Kérésì ò sí, ọlidé oṣù Kẹta ò sí. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ló kù. Ọjọ́ iṣẹ́ sì rèé, àwọn ọmọ wà níléèwé títí di aago mẹ́ta, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì torí mi ò sùn lóru.

Mọ́ńdè kan wá wà lóṣù Kẹwàá táwọn tíṣà lọ ṣe ìpàdé tiwọn, iléèwé ò sí. Mo ti iṣẹ́ dé laago mẹ́jọ àárọ̀, mi ò sùn, mo ní ó yá, ẹ wọ bàtà, torí èrò ọkàn mi ni pé Mọ́ńdè mà ni, àwọn èèyàn á ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ á ṣófo. Ká tó débẹ̀, mọ́tò ti kún ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ìpẹ̀kun. Ráìdì tọ́mọbìnrin mi fẹ́ràn jù, pátákó ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rùn-ún la máa fi dúró. A tò síbẹ̀. Orí ìlà yẹn lọmọ mi ti ń juwọ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ó tún juwọ́ sí òmíràn, ìgbà tó yá mo rí mọ́mì kan tá a jọ máa ń pàdé níbi tá a ti ń gbé ọmọ lẹ́yìn iléèwé. Mo bi í pé kí ló gbé wọn wá lónìí, ó ní páàsì àwọn ò gba Sátidé, irú ọjọ́ tí iléèwé bá tì báyìí nìkan làwọn máa ń rí àyè. Mo bi àwọn tó wà níwájú wa, nǹkan kan náà ni wọ́n sọ. Páàsì kan náà la rà, kàlẹ́ńdà iléèwé kan náà là ń tẹ̀ lé, ọjọ́ kan náà ló wá ṣẹ́ kù fún gbogbo wa. Àbúrò ọmọbìnrin mi ti sùn lọ sẹ́yìn mi, èmi náà ń tòògbé lórí ìdúró.

Ọjà ọrọọrún nílé ló wá sí mi lọ́kàn. Láwọn ọjọ́ yòókù ewúrẹ́ lè sùn sí àárín ọjà yẹn kẹ́nikẹ́ni má dí i lọ́wọ́, tọ́jọ́ ọjà bá wá pé, ẹ ò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé, torí ọjọ́ kan ni gbogbo ìletò jọ dá fún un. Páàsì olówó pọ́ọ́kú, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì mọ́ wa, àwọn tó sanwó ńlá ló máa gbádùn àyè tá a fi sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí, àwa tá a fẹ́ fowó pamọ́ ni gbogbo wa máa ya lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa ẹ̀ dáadáa. Ẹ wo bí Disney ṣe tò ó ní Walt Disney World, tiwọn tó wà ní Orlando níbí, nígbà tí wọ́n ṣe páàsì wọn lọ́tun lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ìpele mẹ́rin ni: Pixie Dust $399, Pirate $699, Sorcerer $899, Incredi-Pass $1,299. Páàkì mẹ́rin kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbé èèyàn wọ̀, ráìdì kan náà ni wọ́n jọ ń gùn. $900 tó wà láàárín ti ìsàlẹ̀ àti tòkè, ọjọ́ ni wọ́n fi ń rà, pẹ̀lú iye ọjọ́ téèyàn lè gba àyè sílẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta fún ti ìsàlẹ̀, márùn-ún fún tòkè. Títí fi di ìparí ọdún 2024, Incredi-Pass ti di $1,549. Èyí tó wá là mí lójú jù ni pé lóṣù Kọkànlá ọdún 2021 kan náà yẹn, wọ́n dá títa páàsì dúró, ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2023 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fẹ́ni tí kò ní tẹ́lẹ̀, àmọ́ Pixie Dust nìkan, wọn ò dá a dúró. Èyí tí kì í wọlé lópin ọ̀sẹ̀ ló ṣì wà lórí àtẹ. Ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ pé iye èèyàn lápapọ̀ ló ń dẹ́rù bà wọ́n, èyí tó pọ́ọ́kú yẹn ni wọn ì bá kọ́kọ́ gbé kúrò. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni ọjọ́ téèyàn máa wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Peckham ní London, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún Kérésì. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù látoṣù Kẹjọ pé, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, páàsì wà nílé, tíkẹ́ẹ̀tì tiyín nìkan lẹ máa rà." Kàlẹ́ńdà yẹn, mo ti ń wò ó nígbà yẹn o, àmọ́ ti oṣù tá a wà nìkan ni mò ń wò. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti Kérésì. Látọjọ́ bíi méjì-mẹ́ta ṣáájú títí wọnú ọdún tuntun, eérú ni gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé owó tó o ti ń san loṣooṣù látìgbà yẹn, kì í ṣe tìtorí irú ọjọ́ yìí ni?" Mi ò ní ìdáhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan la tún lọ rà fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lásìkò tí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n jù lọ láàárín ọdún, torí àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́. Ẹbí àwọn páàkì kọ́ nìyẹn, ohun tí wọ́n kọ síta ni mi ò kà. Ẹ bá mi fi kọ́gbọ́n: tẹ́ ẹ bá ní àlejò tó máa ń ti London tàbí Èkó wá, ìgbà tí wọ́n máa ń wá gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò nínú kàlẹ́ńdà yẹn, torí ọlidé ni wọ́n máa ń wá, ọlidé sì ni páàsì olówó díẹ̀ kì í ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é báyìí? Ẹni tó ti Ohio tàbí London wá fún ọ̀sẹ̀ kan, á sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, á jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, á ra fìlà, á ra omi. Àwa? Jọ̀lọ́ọ̀fù wa wà nínú kúlà nínú mọ́tò. Wákàtí méjì, ráìdì mẹ́ta, a ti ń lọ sílé. Lọ́dún 2022, Disney kọ ọ́ sínú ìròyìn owó wọn pé irú àwọn tó ń wá sí Disneyland ní California ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn láǹfààní, ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn onípáàsì débi pé àwọn kan tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí àwa là ń wá lásìkò tí àlejò ò sí. Àmọ́ mo lóye ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wa jù ńkọ́? Disneyland yẹn kan náà ṣí apá tuntun kan tí wọ́n fi fíìmù Star Wars ṣe, Galaxy's Edge, lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ẹ̀rù èrò ń bà wọ́n, wọ́n ti fowó kún tíkẹ́ẹ̀tì àti páàsì lóṣù Kìíní, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ páàsì olówó díẹ̀ mọ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn náà ń sá fún èrò tí wọ́n rò pé ó máa wà níbẹ̀. Bí páàkì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dá páropáro nìyẹn, ìlà kúrú, àwọn tó lọ lọ́sẹ̀ yẹn gbádùn ẹ̀ gan-an. Six Flags, ilé iṣẹ́ míì tó ní páàkì ìṣeré, náà gbìyànjú tiẹ̀. Páàsì wọn ti pọ́ọ́kú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ọ̀dọ́ ló ń kún ibẹ̀. Selim Bassoul tó di ọ̀gá wọn ní ìparí ọdún 2021 gbé owó sókè, ó sì gé ẹ̀dínwó kúrò. Lọ́dún 2022, àwọn tó wá dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n bọ́ sí mílíọ̀nù ogún àti ààbọ̀. Ìlà dín lóòótọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ná ju tàtijọ́ lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé tí owó wọn ò tó ò padà wá mọ́, ìyẹn ò sì dáa lójú tèmi, torí ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń wakọ̀ akẹ́rù náà fẹ́ ṣeré.

Ẹ má rò pé téèyàn bá ti ra ti olówó gọbọi, ó ti bọ́ nìyẹn. Nígbà tí Disneyland fi Magic Key dípò páàsì àtijọ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, tòkè pátápátá, Dream Key, $1,399, wọ́n ní kò ní ọjọ́ tí wọ́n máa tì í mọ́ta. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kó tó lọ, àyè yẹn á sì tán nígbà míì. Ọ̀rọ̀ yẹn dé kóòtù, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 2023 pẹ̀lú $9.5 mílíọ̀nù, Disney ò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Torí náà ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi ara yín: ọjọ́ wo ni wọ́n tì, ṣé mo sì gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ láwọn ọjọ́ tó kù.

Sísan loṣooṣù náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Aṣọ òṣómàálò ni, ó fúyẹ́ lọ́jọ́ téèyàn gbà á. Oṣù tá ò bá lọ rárá, owó yẹn á jáde nínú báǹkì, á máa dùn mí, màá ní dandan a gbọ́dọ̀ lọ kó má baà ṣòfò, bá a ṣe máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí kò dáa nìyẹn, nínú oòrùn oṣù Keje, àwọn ọmọ ń sunkún, èmi àti bàbá wọn ń bínú síra wa. Ìgbà tí mo jáwọ́ nínú "kó má baà ṣòfò" lara tù wá.

Lọ́dún tó kọjá a gbé e sókè sí ìpele kejì, èyí tó ń gba Sọ́ńdè tí kì í bá ti í ṣe ọlidé. Tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó jẹun, a ó sùn, aago márùn-ún la ó tó gbéra, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ á ti máa gbé ọmọ tó ti sùn sẹ́yìn lọ sí ibi mọ́tò. Aago mẹ́sàn-án a ti kúrò. Oṣù Kẹsàn-án la máa ń lọ jù, iléèwé ti wọlé káàkiri Amẹ́ríkà, ooru ń mú, òjò máa ń rọ̀ lọ́sàn-án, a ó wọ ẹ̀wù òjò a ó dúró, tó bá dá báyìí, ìlà ti tán. Oṣù Kẹta, a kì í débẹ̀ rárá.

Lóṣù tó ń bọ̀ ni tiwa máa parí, wọ́n sì ti fowó kún un. Ọmọbìnrin mi tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì, ó fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ tí iléèwé máa tì ká, ó wá kà wọ́n. Ó ní, "Mọ́mì, mẹ́fà péré ni kò sí nínú eérú o." A ò tíì rà á.