Ṣé ọkọ̀ oníná mànàmáná ni Prius?

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bí ẹ bá rí ọmọ Yorùbá tó ń fi mọ́tò kérò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Prius ló ń wà, ọkọ̀ Toyota tó ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àti bátìrì pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí kì í fi í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ìdáhùn tèmi ni pé ó kù sọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ẹ bá wọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni àbúrò wa kan ní Dagenham pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí mọ́tò o! Prius 2018, hybrid ni, owó ẹ̀ ò wọ́n. Mo fẹ́ lọ gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Mo ní kó má tíì sanwó. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, ránṣẹ́. Lórí ìwé yẹn, ibi tí wọ́n kọ P.3 sí ló ń sọ irú epo tí mọ́tò ń lò, V.7 sì ni iye gíráàmù èéfín CO2 tó ń tú jáde ní kìlómítà kan. Wọ́n kọ HYBRID ELECTRIC gàdàgbà síbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn. Mo ní kó fara balẹ̀.

Láti January 1, 2023, mọ́tò tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì míníkáàbù nígbà àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́dọ̀ lè rìn láìtú èéfín kankan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún hybrid: kí CO2 ẹ̀ má ju 50 gíráàmù lọ, kó sì lè fi bátìrì nìkan rin máìlì 10; tàbí kí CO2 má ju 75 lọ, kó sì rin máìlì 20. Prius lásán, tí kò ní ihò tí èèyàn lè ki wáyà bọ̀, bátìrì ẹ̀ ò lè gbé e ju nǹkan bíi máìlì kan lọ. Plug-in, hybrid tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ láti fi ṣáàjì ẹ̀, ló ń wá, kò sì mọ̀.

Òfin máìlì yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá. Wọ́n bèèrè bóyá mọ́tò náà lè ṣe é. Wọn ò bèèrè bóyá ẹ ń ṣe é. Mo mọ àwọn tó ń wa plug-in tí wáyà ṣáàjì ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá a dé, nísàlẹ̀ búùtù. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń rọ sí i láti àárọ̀ dalẹ́, ọkọ̀ wọn sì mọ́ lójú òfin. Mi ò bá wọn wí o. Ẹni tó ń gbé fúláàtì káńsù, lókè kẹrin, ibo ló fẹ́ na wáyà gbà?

Ti congestion charge, owó tí mọ́tò ń san láti wọ àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ló tún wá le jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2003, tó jẹ́ £5 lóòjọ́, Prius wà lára àwọn tí wọ́n kà sí alternative fuel, òun àtàwọn tó ń lo gáàsì LPG. Ẹni tó bá ti forúkọ mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó ojoojúmọ́ yẹn. Ní 2011, wọn ò wo irú epo mọ́. Kí CO2 má ṣáà ti ju 100 lọ. Prius ìgbà yẹn ń tú 89, ó ráyè wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kéékèèké náà rọ́ wọlé tẹ̀ lé e. Ní July 2013, wọ́n fà á wálẹ̀ sí 75, Prius bọ́ síta. Nígbà tó di October 2021, ó ku ọkọ̀ oníbátìrì pátápátá àti ti hydrogen. December 2025 ni ọ̀fẹ́ tiwọn náà dópin. Àwa oní-míníkáàbù ò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ títí di April 2019, torí náà púpọ̀ nínú wa ò fọkàn sí gbogbo àyípadà yẹn àfìgbà tó kàn wá.

ULEZ, òfin tó ń mú kí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ dọ̀tí jù sanwó lóòjọ́, ní tiẹ̀ kò bèèrè iná, kò bèèrè CO2. Gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní NOx àti èérí inú èéfín ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí Corolla bẹntiróòlù 2006 fi lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kí dísẹ́ẹ̀lì 2013 olówó ńlá sì san £12.50. Nọ́ḿbà tó ní ìlà àwọ̀ ewé lápá òsì, tó jáde ní December 2020, ti ọkọ̀ tí kì í tú èéfín rárá ni. Kò kan plug-in.

Ó wá ku DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, tó sì ń gba owó orí ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, alternative fuel ni Prius lásán tí TfL kọ̀ yẹn, £10 ló sì fi ń dín ní owó orí ọdọọdún sí ti bẹntiróòlù. Wọ́n fagi lé £10 yẹn ní April 1, 2025. Ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ̀ oníbátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í san tiẹ̀. £195 ni ti ọdún náà fún àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti April 2017. Prius 2018 tí àbúrò mi fẹ́ rà àti Tesla ọdún kan náà, owó kan náà ni wọ́n jọ ń san.