Àyẹ̀wò ọdún 2025: ta ni ó joyè?

Ní gbogbo ìparí ọdún, mo máa ń to oṣù méjèèjìlá sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọdún yìí, ẹ forí jì mí. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo ṣe nínú oṣù kẹta, irọ́ ni mo máa pa. Alẹ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kọkànlá ló jókòó lé gbogbo ọdún lórí: alẹ́ tí ilé-iṣẹ́ aṣọ oge kan ní Victoria Island pe ẹgbẹ́ wa láti Ìbàdàn pé ká wá ṣeré níbi àríyá tí wọ́n fi kó aṣọ tuntun wọn jáde.

Kì í ṣe orin ló gbé wa débẹ̀, aṣọ ni. Ìbàdàndùn ni wọ́n fi rán gbogbo aṣọ tọdún yìí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn wá ní bí aṣọ bá ti jẹ́ Ìbàdàn, kí orin náà jẹ́ Ìbàdàn. Wọ́n rí fídíò wa kan àtijọ́, tí Bàbá Àyàn wà níwájú, tó ń fi gángan bú olórin wa, tí ìyẹn ń jó sí i tayọ̀tayọ̀. Wọ́n kọ̀wé pé ká rí i dájú pé bàbá onígángan yẹn bá wa wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé Bàbá Àyàn fi wá sílẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ẹ̀ nígbà náà, mo sì sáré padà sórí iye tí wọ́n ń ta epo. Olórin wa fèsì fún wọn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé bàbá ti lọ sílé. Wọ́n ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀ tààrà láti ilé.

Kò sẹ́ni tó lágbára àlàyé síwájú sí i.

Gángan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ó jẹ mí ní owó ọkọ̀ kó tó lọ, nítorí náà ẹ lè pè é ní ìdógò. Awọ ìlù ń fẹ́ oòrùn, èmi kì í sì í sá a; aládùúgbò mi ló ń bá mi gbé e síta. Ó rò pé mo fẹ́ kọ́ ọ ni, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é lóru.

Nígbàkígbà tá a bá ń yẹ ẹ̀rọ wò kí òde tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni bàbá máa ń lù: ìlù ìdánimọ̀ rédíò ayé àtijọ́, èyí tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn gbọ́ sí “B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” Á lù ú, á wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá mirí pé kò sẹ́ni tó tó o. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọdún yìí ò mọ̀ pé àwàdà ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn wàjà, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n pé ẹni 90 ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi Ọba Rashidi Ládọjà jẹ ní Mápó. Ìyẹn ò le fún Ìbàdàn: ìlà Ọ̀tún wà, ìlà Balógun wà, ẹni tó kàn ti mọ̀ pé òun ló kàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹgbẹ́ olórin ni kò ní àkàsọ̀ oyè. Láti oṣù karùn-ún la ti ń wo ara wa nínú rihẹ́sà, tí oníkálukú ń tún okùn tí kò bàjẹ́ ṣe.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, gìtá lórí itan, a sọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, a sì bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó níbi tá a fi í sí nígbà tá a wá kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Lagos Fashion Week gba ẹ̀bùn Earthshot, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń tún àyíká ṣe, ní Rio de Janeiro, mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, nítorí náà gbogbo ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú ní Èkó ló gbé àyà síwájú. Ó tọ́ sí wọn.

Àwa tá a gbọ́njú sí òde ìnáwó, owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ wa níwájú orí la fi ń mọ̀ bóyá orin ń wọlé. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn, dè é, àti pé láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń fi àwọn gbajúmọ̀ kan kọ́gbọ́n lórí ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù òfin ló bà wọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ara wọn, àwa sì wà lẹ́yìn nínú àwòrán. Ọmọkùnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ wá bẹ̀ wá ká rọra, pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ òwò nítòsí.

Àwa nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n mú ìyá aláró kan wá láti Ìtòkú, l’Ábẹ́òkúta, wọ́n gbé ìkòkò síwájú ẹ̀ lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí wọ́n fi nǹkan pa láró ló wà nínú ẹ̀, torí aró gidi ń rùn, àwọn àlejò ò sì gbọdọ̀ gbóòórùn ẹ̀. Màmá fa aṣọ ọmọ tó ń gbé puff-puff kiri mọ́ra, ó yí i wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní, “Ẹ̀rọ ló tẹ èyí.” Ti àwọn tó ń rìn fi aṣọ hàn, ó yẹ òun náà wò kó tó gbà pé ojúlówó ni.

A dé orin tí gángan máa ń dá wọlé. A ti fẹnu kò pé a ó fò ó. Onílù wa gbàgbé, ó fi àyè sílẹ̀ bó ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi kàn lọ ni. Orí okùn gìtá ni èmi fúnra mi ti gbọ́ ọ: B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè? Mo tún un tẹ̀. Olórin wa yíjú wò mí, ó sì yí i síwájú kíá. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àtíkè ojú ẹ̀ wọ́n, ẹni tó kùn ún ṣì ń retí owó nígbà náà.

Lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ohùn kan dáhùn: “Ládọjà ti jẹ ẹ́!”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣi okùn tẹ̀. Nígbà tá a parí, mo lọ kí màmá. Ó ní rédíò bàbá òun ló kọ́ òun ní ìlù yẹn, ó wá ń wo ẹ̀yìn wa. “Onígángan yín dà?” Mo ní wọ́n ti lọ sílé, Mà. Kò bi mí pé ilé wo.

Ó yá, ọpẹ́. Wọ́n sanwó wa pé, wọ́n sì di oúnjẹ fún wa. Nínú fídíò tó jáde, ìgúnpá mi hàn kedere; ìyá mi ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Aládùúgbò, ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń bá mi sá ìlù. Ẹni tó kùn ojú, a ti sanwó yín.

Wọ́n ti kọ̀wé sí wa fún ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì tún béèrè bàbá onígángan. Ọmọ ilé Àyàn kan wà l’Ọ́yọ̀ọ́ tó ní òun máa wá sí rihẹ́sà lóṣù kìíní. Amapiano ló fẹ́ràn láti máa fi gángan lù, mo sì ti gbọ́ pé kì í tètè dé. Ó ní kí n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́.