Àpárá La Fi Ń Béèrè Àlàáfíà Ara Wa

Nínú gúrúùpù WhatsApp àwa tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí a ń fi orúkọ àbísọ pè. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà láàárín wa ni Òṣómàáló, nítorí àwọn baba rẹ̀ tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi pé. Ọmọ Ìbàdàn ni Mèsì Ọ̀gọ̀. Bí ó bá ti fẹ́ fi agídí jàre, a ó rán an létí pé inú oríkì ìlú rẹ̀ gan-an ni a ti gbọ́ pé olè ń jàre olóhun. Ẹṣin-Leégún ni ọmọ Ìlọrin, nítorí wọ́n máa ń ki ìlú wọn pé wọn kò ní eégún, ẹṣin ni eégún ilé wọn. Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba ni Eyínfúnjowó, irú orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń fún ọmọ ọkọ rẹ̀, kí ó má baà là á mọ́ orúkọ. Àwa ọmọ Òròkí tí a pọ̀ jù níbẹ̀, Aláró ni wọ́n sọ gbogbo wa, nítorí ìlú aró ni Òṣogbo.

Àwọn kan gbà pé ariwo lásán ni gbogbo èyí, pé ó ń jẹ dátà, pé ó sì ń bo ìkéde pàtàkì mọ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tèmi, àpárá yìí ni òpó tí ẹgbẹ́ wa fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ogun Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti ìlú wa, àwọn ará Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó ogun wá, wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin náà. Ogun yẹn ti parí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n lórí fóònù tiwa, ìgbàkigbà ló ń bẹ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kàn fi àwòrán àmàlà àti gbẹ̀gìrì tó ń jẹ ní Òkè-Fìà ránṣẹ́ ni, kí Mèsì Ọ̀gọ̀ kọ ọ́ pé: "Ẹ jẹun dáadáa, ẹ̀yin Aláró. Ẹ ṣáà má gbàgbé ẹni tó gbà yín lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin tí ẹ fi ráyè rokà." Eyínfúnjowó kì í jẹ́ kí ó tutù kó tó fèsì: "Ta ni ó gbà wá? Kí ẹ tó di àmùrè ní Ìbàdàn, Yèyé Òṣun ti fún wọn ní ẹ̀fọ́ yánrin jẹ, inú ti ń run wọ́n. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ni ẹ wá bá jà." Ohun tí àwọn àgbà ìlú wa máa ń sọ ni pé Òṣun paradà di olóúnjẹ, ó sì ta ẹ̀fọ́ yánrin tí májèlé wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun náà. Ibi tí gbogbo wa ti ń retí kí Ẹṣin-Leégún bínú ni ó ti kọ tirẹ̀ pé: "Ẹ̀fọ́ yẹn mà dùn o. Àwọn baba wa kò rí irú rẹ̀ jẹ mọ́. Ìgbà wo ni Yèyé tún máa sè é?"

Mo fẹ́ràn èsì yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti kà níbẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò sẹ́ ìlú rẹ̀, kò sì fi èébú gbèjà rẹ̀. Ó gba ẹ̀fọ́ náà jẹ ní ojú gbogbo wa, ẹ̀rín sì pa àwọn tó gbé ogun tì í títí wọn kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìtàn kan náà yìí, bí àwọn tí kò mọ ara wọn rí bá gbé e jáde lórí Facebook, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti máa ṣépè fún ìyá àti baba ara wọn. Ohun tó mú tiwa yàtọ̀ ni pé a ti jọ jẹ ẹ̀wà inú abọ́ kan, a ti jọ kúnlẹ̀ lábẹ́ oòrùn nítorí pé a pẹ́ lẹ́yìn, a sì mọ̀ dájú pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò lè fẹ́ ibi fún wa.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ fóònù kò ní ojú. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ àpárá dá láàárín wa fi máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà bá mú díẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ń bá wí lè gbọ́ ẹ̀rín tó wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kọ òfin kankan sílẹ̀. A kì í fi àìrọ́mọbí ṣe yẹ̀yẹ́. A kì í fi àìsàn, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tàbí gbèsè tòótọ́ ṣe é. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kọjá ààlà, ẹlòmíràn yóò kọ "Ó tó" lásán, ọ̀rọ̀ yóò sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ńkọ́? A fi wọ́n sí i, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ wọn ni. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a ṣì kéré, tó sì máa ń na wá nígbà náà, wà pẹ̀lú wa báyìí. Bí wọ́n bá ti kọ ohunkóhun, èsì tó máa ń kọ́kọ́ wọlé ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé pàṣán yín sílẹ̀."

Ti bọ́ọ̀lù kò gba àlàyé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Arsenal ní gbogbo ọdún tí wọn kò fi rí ife líìgì gbà lẹ́yìn ti ọdún 2004 ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìkíni ni àṣà wa, n kò sì ní kó iyán rẹ̀ kéré láé. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìkíni ti di ohun tí ènìyàn lè ṣe láìronú. Ní kùtùkùtù, àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí lára yóò wọlé láti ọwọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn mìíràn yóò máa ṣe "Àmín" tẹ̀lé e, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe àmín náà rí oorun sùn. Àpárá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́, n kò lè fi àmín dá ọ lóhùn. Ọkàn mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ara mi sì gbọ́dọ̀ yá, kí n tó lè wá èsì tí yóò ká ọ lọ́wọ́ kò.

Ní àkókò òjò kan, Mèsì Ọ̀gọ̀ kọ ọ́ pé Ìjẹ̀ṣà kan ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà òun láti àárọ̀ nítorí náírà mẹ́wàá. Òṣómàáló kò fèsì. Eyínfúnjowó bi í bóyá wọ́n ti san owó rẹ̀ ni ó fi dákẹ́, síbẹ̀ kò fọhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí a mọ̀ pé kò lè gbọ́ irú rẹ̀ kó mójú kúrò. Ẹnì kan tó ń gbé ní Àyétòrò gun ọ̀kadà lọ sí ilé rẹ̀. Ibà ló dá a wó, fóònù ti kú, ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ sí Iléṣà fún ìnáwó mọ̀lẹ́bí. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ sí wa nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mókun ni: "Mo ti jí o. Ta ni owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti fàyè gba ènìyàn 1,024 nínú gúrúùpù kan ṣoṣo, àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sì fẹ́ kó gbogbo sáà pọ̀ sójú kan, kí wọ́n pa àwọn gúrúùpù kéékèèké rẹ́. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò: owó ẹgbẹ́ yóò rọrùn láti gbà, ìkéde yóò sì yá kánkán. Ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ta ni yóò ṣàkíyèsí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan kò fèsì ní ọjọ́ kan? Àpárá wa yóò di èébú létí ẹni tí kò mọ̀ wá, àwa náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu wa, títí yóò fi ku àwòrán òdòdó nìkan. Mo ti kọ èrò mi ránṣẹ́ sí akọ̀wé: kí wọ́n dá èyí tó tóbi sílẹ̀ fún ìkéde àti owó, kí wọ́n sì fi èyí tó kéré sílẹ̀ fún wa. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá, Ẹṣin-Leégún sì ti ṣèlérí pé òun yóò wọkọ̀ wá láti Ìlọrin.