Kẹ́ ẹ tó so táyà ńlá mọ́ Hilux yín, ẹ wọn bó ṣe wúwo tó

Gbogbo ibi ni mo ti ń rí i báyìí, Ìbàdàn o, Èkó o, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Hilux, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó tú táyà tó bá a wá dànù, kó lọ ra èyí tó ga tó ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà, kó wá so rímù dúdú mọ́ ọn. Ó máa ń dùn ún wò, mi ò lè parọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù táyà, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń béèrè iye tó jẹ́, tí wọ́n ń béèrè bóyá á máa ha fẹ́ńdà, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kílò mélòó ni táyà yìí. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká fi Hilux 2.7 oní-pẹtiróòlù ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ nígboro. Táyà tó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ni 265/65R17, tẹ́ ẹ bá fi téèpù wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 77.6. Èyí táwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi pààrọ̀ ẹ̀ ni 285/70R17, ìyẹn jẹ́ 83. Ó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti díẹ̀ ga jù ú lọ, ìdajì ẹ̀ péré ló sì máa gbé mọ́tò kúrò nílẹ̀, torí apá òkè táyà ni ìdajì tó kù bá lọ. Ti ìwọ̀n ńkọ́? Táyà tó bá mọ́tò wá sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 16 sí 17, àmọ́ ńlá yẹn, tó bá lọ jẹ́ oríṣi E, ìyẹn èyí tó nípọn tí wọ́n ṣe fún ẹrù wíwúwo, tí wọ́n ń pè ní ten-ply, ó lè tó kílò 26. Ẹ gbé méjèèjì lọ́wọ́ níbẹ̀, apá yín á sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí òṣùwọ̀n, ẹ gbé e lé e kẹ́ ẹ tó sanwó, òun pẹ̀lú rímù.

Àwọn kan á ní kílò mẹ́wàá lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ogójì náà nìyẹn, ṣebí kò tó àpò ìrẹsì kan. Lóòótọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò lẹ kó o sí ni, Hilux ò ní mọ̀. Àmọ́ nǹkan tó ń yí ni táyà. Ẹ rántí òkòtó tá a máa ń ta ní kékeré, èyí tó bá wúwo létí, ó máa ń le láti ta, tó bá sì ti ń yí tán ó máa ń le láti dá dúró. Ẹ́ńjìnnì ní láti ti ìwọ̀n yẹn síwájú, ó tún ní láti yí i, kílò kan tó bá wà létí táyà níbi tó ti ń kan ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kílò méjì nínú búùtù. Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí Lagos-Ibadan Expressway tí eré yín ò yí padà, ìwọ̀n yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dí yín lọ́wọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ àti eyín táyà tó ń họ ilẹ̀ ló ń jẹpo níbẹ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ máa ti rí i, ẹ gbéra, ẹ dúró, ẹ tún gbéra, epo lẹ fi yí i, bíréékì lẹ sì fi dá a dúró, gbogbo ẹ̀ di ooru. Láti 29 May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kálukú ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò ẹ̀.

Gíga táyà náà tún níṣẹ́ tó ń ṣe lọ́tọ̀. Ó fi nǹkan bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ẹ ti yí díífù padà láìmọ̀, ìyẹn gíà tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Tí nọ́ńbà ẹ̀ bá jẹ́ 4.10 tẹ́lẹ̀, bíi 3.83 ló máa ń ṣe báyìí, bó bá sì ṣe kéré tó ni agbára tó ń dé ẹsẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Agbára tí ẹ́ńjìnnì 2.7 yẹn fi ń yí nǹkan ò ju 245 Nm lọ, kò ní agbára àṣẹ́kù tó máa fi bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú ti ọ̀rẹ́ mi kan tá a ń gòkè láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, ó tẹná, gíà já sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ó rọra gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, gíà tún wọlé, mọ́tò fà sẹ́yìn, ó tún já sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe dókè. Epo gíà tó ń gbóná nírú ipò yẹn ni mo ń rò.

Bíréékì ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Dísìkì ò tóbi sí i, páàdì náà ò tóbi sí i, àmọ́ táyà ti ga, ó sì ti wúwo, nítorí náà ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dúró níbi tó máa ń dúró sí. Tẹ́ ẹ bá tún wá di ẹrù sẹ́yìn tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fààyè sílẹ̀ níwájú.

Ṣọ́ọ̀kì náà ń jìyà, torí iṣẹ́ ẹ̀ ni kó di ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ tó bá ti kan kòtò, ẹsẹ̀ tó wúwo sì máa ń pẹ́ kó tó balẹ̀. Ball joint, ìyẹn oríkèé ẹsẹ̀ mọ́tò, àti bẹ́árìn máa tètè jẹ, pàápàá tó bá jẹ́ rímù tó yọ síta.

Mítà ńkọ́? Tó bá ka 100, bíi 107 lẹ ń sá, bẹ́ẹ̀ ni 5,000 kìlómítà tẹ́ ẹ fi ń ka sáfíìsì ti di bíi 5,350. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó pariwo pé mọ́tò ń jẹpo, ẹ fi 1.07 sọ kìlómítà yín di púpọ̀ ná, torí ẹlòmíì wà tó jẹ́ mítà ló ń tàn án lápá kan.

Ẹni tó bá ń lọ sóko ní Òkè-Ògùn nígbà òjò, tí ẹrẹ̀ ń gbé mì, mi ò ní bá a jà, ó nílò eyín táyà. Àmọ́ 265/70R17 tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 àti díẹ̀ máa ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn, tẹ́ ẹ bá sì rí oríṣi C, ó sábà máa ń fúyẹ́ ju E lọ. Tó bá jẹ́ ńlá yẹn náà lọkàn yín fẹ́, ẹ ṣètò owó tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ gíà díífù mọ́ ọn. Ẹ sì ra márùn-ún, ẹ má ra mẹ́rin, torí tẹ́ ẹ bá fi sípíà kékeré ìjelòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá kan, díífù ò ní sinmi, tẹ́ ẹ bá wá lọ ki fóò-wíìlì bọ̀ ọ́ lójú títì báyẹn, gíà ló máa sanwó ẹ̀. Ẹ sì yẹ abẹ́ mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó ra ìkarùn-ún yẹn, bóyá á gba ibi tí sípíà máa ń wà.