Ọta 150 àbí 180? Ohun tí mo kọ́ nípa ìwọ̀n ọta fún ọdẹ elk

Ẹ̀yin àbúrò, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ọta tó wúwo tó mélòó ló dára fún elk, ẹran bí àgbọ̀nrín ńlá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọta tó jẹ́ àti eré tó máa kù lára rẹ̀ nígbà tó bá ba ẹran. Ọgbọ́n ṣakabùlà, pé ká ṣáà rọ irin tó pọ̀ sẹ́nu ìbọn, kò bá tibí mu.

Elk kì í ṣe àgbọ̀nrín ilé wa. Lórí àwọn òkè Rocky ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, akọ rẹ̀ lè wọn pọ́ùn 700, abo rẹ̀ 500. Egungun apá rẹ̀ nípọn, ọ̀nà tí ọta máa rìn kó tó kan ẹ̀dọ̀fóró sì jìn, pàápàá tí ẹran náà kò bá fi ìhà kọ yín gan-an.

Grain ni wọ́n fi ń wọn ọta. 7,000 grain ló wà nínú pọ́ùn kan. Nọ́ńbà tó wà lára páálí jẹ́ ìwọ̀n orí ọta tó ń fò jáde. Kì í ṣe ti ẹ̀tù, kì í sì í ṣe ti odindi ọta pẹ̀lú kòròfo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú .30-06, irú ọta ìbọn kan tó ti wà láti 1906. Ọta 150 rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 180 ní 2,700. Lẹ́nu ìbọn, agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú ẹran ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Ìbú àwọn méjèèjì jẹ́ íǹṣì 0.308, nítorí náà 180 ló gùn, òun ló ní ẹrù lẹ́yìn tó ń tì í wọlé. Tí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ pín ìwọ̀n rẹ̀ ní pọ́ùn, 150 á fún yín ní 0.226, 180 á fún yín ní 0.271; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni ọta tí wọ́n ṣe bákan náà ṣe máa ń wọlé jìn tó. Ọta 140 ti 6.5 Creedmoor, irú ọta mìíràn tó tín-ín-rín jù wọ́n lọ, ń mú 0.287 wá. Ẹ ò wá rí i pé a kì í fi ìwọ̀n ọta ìbọn kan wé ti òmíràn. Ní tèmi, fún ọta olójé, bí ìbú ẹnu ìbọn bá ṣe rí: .270, 140 sí 150; 7mm, 160 sí 175; .30, 165 sí 180.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Ọta òjé lásán tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ bò, tó tún fúyẹ́, tí ẹ wá yìn láti inú .300 Win Mag, ìbọn tó lágbára ju .30-06 lọ, ní yáàdì 50 sí egungun apá, ó lè fọ́ sára egungun náà. Ọgbẹ́ á fẹ̀ lókè, kò ní jìn. Elk á wọ igbó lọ, á kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Òdìkejì rẹ̀ ni ọta líle tí eré ti tán lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọta ọdẹ nílò eré ẹsẹ̀ bàtà 1,800 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹnu wọn tó là. Bí kò bá là, á gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́. Ọta 180 ti .30-06 kì í ní ju nǹkan bí 2,000 lọ mọ́ ní yáàdì 400. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìn kọjá yáàdì 300.

Ọta kan tó ń jẹ́ Partition, tí John Nosler ṣe, ní ògiri láàárín: iwájú á là, ẹ̀yìn á dúró gbọin. Ọta tó jẹ́ kìkì bàbà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ já sọnù rárá, ṣùgbọ́n bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà 180 rẹ̀ á gùn jù. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 165 tàbí 150. Ní California, láti July 2019, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọta olójé ṣọdẹ. Bí ihò tí ọta dá sára pépà tí ẹ fi ń dánra wò bá gùn dípò kó rí róbótó, ìbọn yín kò lè yí ọta yẹn tó kó lè fò tààrà. Ẹ fi sílẹ̀.

Òfin Colorado ní kí ọta elk má dín ní 85 grain, kó jẹ́ èyí tó ń là, kó sì ní agbára 1,000 ẹsẹ̀-pọ́ùn ní yáàdì 100. Ìpìlẹ̀ lèyí o, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Bí 180 bá ń gbá yín léjìká débi tí ẹ ń dijú kí ẹ tó fa ìbọn, ẹ lo 165. Ọta 165 tó wọ ẹ̀yìn apá sàn ju 180 tó bọ́ sínú ìfun. Tí ẹ bá sì ti pààrọ̀ ìwọ̀n, ẹ tún awò orí ìbọn ṣe, torí ọta tuntun kì í ba ibi tí ti àtijọ́ ń bà. Ẹ ra páálí mẹ́ta tí nọ́ńbà àgbéjáde wọn (èyí tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n) jẹ́ ọ̀kan náà: ọ̀kan fún títún awò ṣe ní yáàdì 200, ọ̀kan fún yíyìn ní ìjókòó àti ìkúnlẹ̀, ọ̀kan fún igbó. Tí 180 bá ba àmì gan-an ní 200, á ti rẹlẹ̀ tó íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ní 300. Ẹ yìn ín wò fúnra yín níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì bá orí ọta lábẹ́ awọ níhà kejì nígbà tí ẹ ń bó ẹran, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ohun tó kù sára páálí rẹ̀.